Ọ̀rùn Ẹran Mi

Shava kì í ṣe tìrẹ, Bimurza.
Bàbá mi ló fi okùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó,
ọmọ màlúù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti tábìlì tí kò dúró ire.
Èmi ni mo ń bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ fún un lá.
Èmi ni mo mọ ibi tí ìdí ìwo òsì ti máa ń yún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òkè ya,
tí yìnyín ya lu ọ̀nà Mestia lọ́sàn-án gangan,
tó bo ìwọ àti igi ìdáná àti pákó tí Shava ń wọ́ bọ̀,
ẹnu rẹ kò rántí ìbọn rẹ,
kò rántí aago fàdákà tí o jogún.
Ẹran mi ló rántí.
"Olúwa, bí O bá yọ mí, Shava di Tìrẹ
lọ́jọ́ àjọ̀dún Jọ́ọ̀jì Mímọ́."
O ní ohùn rẹ kò ju ti kòkòrò lọ.
O ní o gbóòórùn koríko gbígbẹ lókè orí rẹ,
o rò pé bí ọ̀run ṣe ń rùn nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà:
Shava ló já okùn,
Shava ló dúró lé ọ lórí tó ń ké,
tó ń fi pátákò họ ilẹ̀ funfun
títí àwọn ọmọ Otia fi rí i láti ilé ìṣọ́ wọn,
tí wọ́n gbé ṣọ́bìrì.
O gbé ṣíbí sílẹ̀.
Ọbẹ̀ tutù níwájú rẹ.

Ẹ̀jẹ́ lo jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bèèrè.
Àmì kékeré kan ló wà láàárín méjèèjì,
orí àmì yẹn ni ẹran mi dúró lé.

Láti ìgbà náà lo ti ń dín in kù bí ọṣẹ.
Lóṣù kejì, o ní bóyá àgùntàn méjì á tó.
Nígbà tí yìnyín ń yọ́, o ní àkùkọ, àti àbẹ́là.
Mo kàn wò ọ́.
Ẹni tó ń rì sómi kì í nájà;
orí èbúté la ti ń rántí iye owó.

Ọjọ́ pé. Àgbà Kansav ti pọ́n ọ̀bẹ,
ó ti lẹ àbẹ́là mẹ́ta mọ́ ìwo Shava,
ìda gbígbóná ń kán sí i nípèńpéjú, ó ń ṣẹ́jú.
Ìwọ ò lè di okùn mú. Èmi ni mo dì í mú.
Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó fi èjìká san án.
Kó máa tulẹ̀ fún opó Nazibrola lọ́dọọdún, lọ́fẹ̀ẹ́,
títí eyín rẹ̀ á fi ká."
Ó tutọ́ sílẹ̀. "Ọlọ́run kì í ṣe oníṣòwò, obìnrin."
Mo ní, "Mo mọ̀. Ọkọ mi ló pàtẹ."

Kò sí ohùn láti òkè. Ẹyẹ kan kọjá.
Mo fi ìka tútù pa àbẹ́là náà lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo fa ẹran mi padà sílé.
Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí a kọ ọ́ sórúkọ mi;
mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi san án.

Lálẹ́ àná, òkè tún kùn.
Gbogbo abúlé dákẹ́, títí kan ajá.
Shava ń jẹ àpọ̀jẹ lẹ́yìn pákó tí bàbá rẹ gbẹ́ òdòdó sí,
èémí rẹ̀ ń mú yàrá móoru.
Mo gbọ́ tí ètè rẹ là nínú òkùnkùn:
"Olúwa, bí O bá…"
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ọ́ lẹ́nu.
Iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀.